Ìgbà Wo Lẹ Lò Ó Gbẹ̀yìn? Ohun Tí Yíyẹ Ilé Ìwòsàn Wò Ti Kọ́ Wa Nípa Ìtọ́jú Pàjáwìrì Ìyá àti Ọmọ Tuntun

Fọ́ọ̀mù tí wọ́n máa ń kó lé ẹni tó fẹ́ lọ yẹ ilé ìwòsàn wò lọ́wọ́ kì í sábà ju "ó wà" àti "kò sí" lọ. Ṣé abẹ́rẹ́ oxytocin tó ń mú ilé-ọmọ sunkì wà? Ó wà. Ṣé báàgì tí wọ́n fi ń fẹ́ èémí sí ọmọ tuntun wà? Ó wà. Ṣé magnesium sulphate, oògùn gìrì aboyún, wà? Ó wà. Èèyàn á máàkì gbogbo rẹ̀, á ká fọ́ọ̀mù rẹ̀, á sì gbà pé ilé ìwòsàn náà ti gbára dì. Lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ní ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kàbbà dé Ìsánlú, láti Ìyàrá dé Mọ̀pà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, mo ti rí i pé "ó wà" kò lè sọ fún ni bóyá obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ ní aago méjì òru máa yè. Ìbéèrè tó ń tú àṣírí ni: ìgbà wo lẹ lò ó gbẹ̀yìn, ta ló lò ó, kí ló sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀?

Ìlànà tí gbogbo wa ń lò ni èyí tí àwọn àjọ àgbáyé WHO, UNICEF àti UNFPA gbé jáde ní 1997, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2009. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé kò wo orúkọ tí wọ́n kọ sára pátákó ẹnu ọ̀nà. Ì báà jẹ́ jẹ́nẹ́rà, ì báà jẹ́ sẹ́ńtà ìlera kékeré, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni a fi ń dá a mọ̀. Iṣẹ́ 7 ló wà ní ìpele àkọ́kọ́: gbígún ìyá ní abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò àrùn; gbígún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ilé-ọmọ sunkì; fífún un ní oògùn gìrì; fífi ọwọ́ yọ ibi ọmọ tó kọ̀ tí kò wá; kíkó ohun tó ṣẹ́kù sínú ilé-ọmọ kúrò; fífi fákúùmù (irinṣẹ́ tó ń fa orí ọmọ) tàbí ẹ̀mú ran ọmọ lọ́wọ́ láti jáde; àti fífi báàgì àti máàsìkì fẹ́ èémí sí ọmọ tí kò mí. Ilé ìwòsàn tó bá ń ṣe méjèèje, tó tún ń ṣiṣẹ́ abẹ fún aboyún, tó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ sí aláìsàn lára, ti bọ́ sí ìpele kejì. Kò sì sí iṣẹ́ kankan tí a gbọdọ̀ kà fún wọn àfi èyí tí wọ́n ti ṣe láàárín oṣù 3 tó ṣáájú ọjọ́ tí a débẹ̀.

Ìlànà kan náà ní kí irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ tó 5, ó kéré tán, fún èèyàn 500,000, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ìpele kejì. Nínú ìkànìyàn 2006, àwọn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kàbbà-Bùnú, Ìjùmú, Mọ̀pà-Mùrò àti Yàgbà méjèèjì sún mọ́ 600,000 lápapọ̀, a sì ti pọ̀ sí i lẹ́yìn ìgbà náà. Lórí ìwé, ilé ìwòsàn bíi 6 tàbí 7 lè dà bí èyí tó tó wa. Ṣùgbọ́n bí mẹ́ta nínú wọn bá wà nínú ìlú kan ṣoṣo, kí ni èrè rẹ̀ fún obìnrin tó ń rọbí ní abúlé kan nínú Bùnú, tí òjò ti ba ọ̀nà oko rẹ̀ jẹ́? Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí 2 bí kò bá rí ìtọ́jú. Nítorí náà, kí a tó ka iye ilé ìwòsàn, a máa ń kọ́kọ́ jókòó ti àwọn ọlọ́kadà àti àwọn awakọ̀ ní gáréèjì, a ó kọ orúkọ abúlé kọ̀ọ̀kan, a ó sì kọ iye wákàtí tó ń gbà láti ibẹ̀ dé ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn jù: ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ́tọ̀, ti òjò lọ́tọ̀, ti òru lọ́tọ̀. Ti òru yìí ṣe pàtàkì gan-an lásìkò yìí. Nítorí ẹ̀rù àwọn ajínigbé, ọ̀nà tó ń gba ìṣẹ́jú 40 lọ́sàn-án lè máà ṣeé rìn rárá títí ilẹ̀ fi máa mọ́. Sẹ́ńtà tó bá wà lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní láti lè mú aláìsàn dúró fún odindi òru kan, bí a sì ṣe gbọ́dọ̀ yẹ ẹ́ wò nìyẹn.

Bí a bá wọlé, ìkíni ló ṣáájú. Ní ilẹ̀ Òkun, ẹni tí kò kí èèyàn dáadáa, tó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àpótí, kò ní rí òótọ́ gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. A máa ń sọ fún Mátírọ̀nì àti gbogbo òṣìṣẹ́ pé a ò wá mú ẹnikẹ́ni, pé ohun tí kò bá sí la fẹ́ mọ̀ kí a lè rí i bèèrè fún. Lẹ́yìn náà, rẹ́jísítà ìbímọ ni mo máa ń kọ́kọ́ gbà. Yàrá oògùn lè dúró.

Rẹ́jísítà máa ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn bá mọ̀ ọ́n kà. Ẹ ka oṣù 12 sẹ́yìn. Ìlànà 2009 yẹn fojú sí i pé nǹkan bí 15 nínú aboyún 100 ni ìṣòro tó le máa bá. Sẹ́ńtà tó gbẹ̀bí 200 lọ́dún yẹ kó rí bí 30. Bí ojú ibi tí wọ́n ń kọ ìṣòro sí bá funfun láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, ó ní láti jẹ́ pé wọn kì í kọ ọ́, tàbí pé àwọn tó níṣòro ti mọ̀ pé kò sí ohun tí wọ́n lè rí níbẹ̀, wọ́n ń bá ibòmíràn lọ. Ẹ wo aago tí wọ́n bí àwọn ọmọ náà. Ọmọ kì í yan ọ̀sán. Bí kò bá sí ọmọ tí wọ́n bí láàárín aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago márùn-ún ìdájí, sẹ́ńtà náà ń tilẹ̀kùn lálẹ́, ohun yòówù tí wọ́n bá kọ sára ògiri. Ẹ wo ìwúwo ọmọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ kìlógíráàmù 3.0 àti 3.5, tí kò sí 2.7 tàbí 3.2 kankan, òṣùwọ̀n ti bàjẹ́ tàbí wọn kì í wọn ọmọ. Kí ẹ sì wo àwọn ọmọ tí wọ́n kọ pé wọ́n kú sínú. Ọmọ tí awọ ara rẹ̀ ti ń bó ti kú kí ìyá tó dé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ara rẹ̀ ṣì dá ṣáká, tí wọ́n gbọ́ ìró ọkàn rẹ̀ nígbà tí ìyá wọlé, tó wá wà lábẹ́ "òkú ọmọ", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ tí kò mí tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ èémí sí. Bí irú wọn bá pọ̀ nínú rẹ́jísítà, a ti mọ ibi tí iṣẹ́ wà kí a tó kúrò lórí àga.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí oògùn gìrì, torí ibẹ̀ ni "ó wà" ti ń tanni jẹ jù. Aboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru, tí orí ń fọ́, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, wà létí gìrì. Magnesium sulphate ni oògùn rẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní Magpie, tó jáde ní 2002, fi hàn pé ó ń dín ewu gìrì kù ní ìdajì fún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n àkọ́kọ́ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 14. Gíráàmù 4 a gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé, díẹ̀díẹ̀, kò gbọdọ̀ yá ju ìṣẹ́jú 5 lọ: a ó fa mílílítà 8 oògùn ìdá 50 nínú 100, a ó fi omi abẹ́rẹ́ mílílítà 12 là á, kó di 20. Gíráàmù 10 tó kù a lọ sínú ẹran ìdí, 5 lọ́tùn-ún, 5 lósì, mílílítà 10 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú lidocaine ìdá 2 mílílítà 1 nínú sírínjì kan náà torí pé abẹ́rẹ́ yẹn ń dunni gan-an. Lẹ́yìn náà, gíráàmù 5 ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, ìdí kan lẹ́yìn èkejì, títí wákàtí 24 á fi pé lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn gìrì tó kẹ́yìn, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì. Ibi tí kò bá sí ẹni tó lè wá iṣan, gíráàmù 10 ti inú ìdí nìkan ni wọ́n máa fún un kí wọ́n tó gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ohun tó wà nínú àpótí. Àwọn ìgò abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe ọ̀kan náà: òmíràn jẹ́ mílílítà 10 tó ní gíráàmù 5, òmíràn jẹ́ mílílítà 5 tó ní gíráàmù 2.5, ti mílílítà 2 tó ní gíráàmù 1 náà wà. Obìnrin kan ṣoṣo tó gba ìtọ́jú rẹ̀ parí ní wákàtí 24 máa lo gíráàmù 44. Ìyẹn jẹ́ ìgò 9 bí ó bá jẹ́ elégíráàmù 5, ìgò 18 bí ó bá jẹ́ ti 2.5. Sẹ́ńtà tó ní ìgò 4 ti gíráàmù 2.5 á máàkì "ó wà", bẹ́ẹ̀ gíráàmù 10 péré ló ní, kò tó ìwọ̀n àkọ́kọ́. Nítorí náà, mi kì í bèèrè bóyá ó wà mọ́. Mo máa ń bèèrè pé obìnrin mélòó ló tó. Mo sì máa ń wo sírínjì. Mílílítà 10 oògùn pẹ̀lú 1 ti lidocaine kò lè wọ sírínjì mílílítà 10. Ó gba oní-20. Bí oní-5 nìkan ló wà nílé, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa gún obìnrin náà ní ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì sí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣe ni wọ́n á dín oògùn náà kù.

Lẹ́yìn èyí, mo máa ń bẹ agbẹ̀bí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pé kó fi omi lásán ṣe é lójú mi, láti ìgbà tó bá ṣí àpótí títí yóò fi fa á tán. Mo máa ń bojú wo aago. Níbẹ̀ la ti ń rí ohun tí fọ́ọ̀mù kò lè rí: kọ́kọ́rọ́ àpótí tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ sílé, omi abẹ́rẹ́ tó ti tán, ìwé ìlànà tó wà lára ògiri ọ́fíìsì, tí kò sí nínú yàrá ìrọbí, nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ dáadáa ṣùgbọ́n tí ìṣirò láti ìdá 50 sí ìdá 20 rú mọ́ ọn lójú. Ohun tí mo máa ń dábàá ni pé kí wọ́n fi máàkà kọ ọ́ sára ìdérí àpótí: "8 oògùn, 12 omi." Ìṣirò kì í ṣe ohun tó yẹ kí èèyàn máa ṣe nígbà tí obìnrin ń ja gìrì níwájú rẹ̀.

Ẹ̀rù oògùn yìí náà wà, ó sì nídìí. Bí ó bá pọ̀ jù lára, ó lè dá èémí dúró. Nítorí náà, kí wọ́n tó gún èyí tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà gbọ́dọ̀ máa mí tó ìgbà 16 ní ìṣẹ́jú kan, orúnkún rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ta bí a bá kàn án, ìtọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó mílílítà 30 ní wákàtí kan láàárín wákàtí 4 tó kọjá. Ìyẹn ni pé ilé ìwòsàn tó fẹ́ lo magnesium sulphate ní láti ní aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá, kátítà (rọ́bà tí ìtọ̀ ń gbà jáde), àti báàgì ìtọ̀ tí wọ́n fàlà sí lára. Calcium gluconate, gíráàmù 1, ìyẹn mílílítà 10 ti ìdá 10, gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí kan náà, torí òun ni ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ibi tí mo bá ti rí i pé calcium gluconate kò sí, mo ti mọ̀ pé ẹ̀rù á máa bà wọ́n láti gún èkejì, wọ́n á gún àkọ́kọ́ tán, wọ́n á sì fi ìyókù sílẹ̀.

Báàgì àti máàsìkì ọmọ tuntun náà nílò kí a fọwọ́ kàn án. Mo máa ń ní kí wọ́n gbé e wá láti ibi tó wà, kí n sì rí i bí wọ́n ṣe ń lọ. Bí wọ́n bá gba ẹnu ọ̀nà kejì kọjá kí wọ́n tó rí i, ọmọ yẹn ti kú. Ìṣẹ́jú kan péré ni ọmọ tí kò mí ní: kí a nù ún gbẹ, kí a fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀, kí a gé ìwọ́ rẹ̀, kí báàgì sì wà lójú rẹ̀ kí ìṣẹ́jú yẹn tó pé. Ibi tó yẹ kó wà ni orí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìbímọ, pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ méjì. Èyí tí a sábà ń rí jẹ́ tuntun, ó ṣì wà nínú nylon rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ kó má baà bàjẹ́.

Bí a ṣe ń dán an wò nìyí. Ẹ fi máàsìkì lé àtẹ́lẹwọ́ yín kó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, kí ẹ fún báàgì. Atẹ́gùn gbọ́dọ̀ ta sí yín lọ́wọ́. Ẹ fún un tagbára-tagbára: ihò kékeré tó ń tú atẹ́gùn tó pọ̀ jù gbọ́dọ̀ ṣí, ẹ ó gbọ́ ìró rẹ̀. Ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀, báàgì gbọ́dọ̀ wú padà kíá. Bí kò bá wú, tàbí bí atẹ́gùn bá ń jò létí máàsìkì, kò ṣeé lò. Máàsìkì méjì ló gbọ́dọ̀ wà, nọ́ḿbà 1 fún ọmọ tó pé oṣù, nọ́ḿbà 0 fún èyí tí kò pé. A ti bá ti àgbàlagbà pàdé lórí tábìlì ọmọ tuntun, wọ́n sì ti máàkì "ó wà" fún un.

Ẹ wá ní kí agbẹ̀bí fi ọmọláńgidi ìdánrawò hàn yín. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni fífa ikun ẹnu àti imú ọmọ fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó ronú kan báàgì, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí nǹkan dí lọ́nà ọ̀fun nìkan ló nílò rẹ̀. Èkejì ni títẹ orí ọmọ sẹ́yìn jù, tí ọ̀nà èémí á sì pa dé. Ẹ̀kẹta ni fífún báàgì láì wo àyà. Ọwọ́ á máa ṣiṣẹ́, nǹkan bí ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú kan, ojú á sì wà lórí àyà ọmọ. Bí àyà kò bá gbéra, kí wọ́n tún máàsìkì fi, kí wọ́n tún orí gbé, kí wọ́n wo ẹnu bóyá nǹkan wà níbẹ̀, kí wọ́n la ẹnu rẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n sì fún un le sí i. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń fọ báàgì náà. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò bá lè tú u sí wẹ́wẹ́ kó sì tò ó padà, wọn kì í fọ̀ ọ́.

Ti ẹ̀jẹ̀ dídà, fíríìjì ni mo máa ń lọ sí tààrà. Oxytocin kò fẹ́ ooru. Ìwọ̀n 2 sí 8 ní Celsius ló ń gbé, ooru ilẹ̀ wa nínú oṣù kẹta sì lè sọ ọ́ di omi lásán tí ojú kò lè dá mọ̀. Nọ́ọ̀sì á gún obìnrin ní 10 IU, ilé-ọmọ kò ní sunkì, wọ́n á sì rò pé àìsàn náà ló le. Ọ̀pọ̀ sẹ́ńtà ní fíríìjì sólà tó dára fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé, bẹ́ẹ̀ oxytocin wà lórí tábìlì yàrá ìrọbí, torí wọ́n ní ti àjẹsára ni fíríìjì yẹn. WHO àti UNICEF ti fàyè gba pé kí wọ́n jọ máa gbé pọ̀. Ẹ kàn wá àpótí kékeré kan tí ẹ kọ "oxytocin" sí lára, kí ẹ gbé e sínú rẹ̀, kí ẹ sì bá ẹni tó ń mójú tó àjẹsára sọ ọ́ ní ìtùnbí ìnùbí. Kì í náni ní kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ti pọ̀ jù. Ojú máa ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, pàápàá nígbà tí aṣọ àti fóòmù bá ti fà á mu. Ìwádìí E-MOTIVE tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Gúúsù Áfíríkà àti Tanzania, tó jáde ní 2023, lo ọ̀rá tí wọ́n fàlà ìwọ̀n sí lára, tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ìdí obìnrin, wọ́n sì ń ṣe gbogbo ìtọ́jú àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà: fífọwọ́ ra ilé-ọmọ, oxytocin, tranexamic acid (oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró), omi inú iṣan, àti yíyẹ ojú ara wò bóyá ó ya. Ìsun ẹ̀jẹ̀ tó le àti àwọn aburú tó ń bá a rìn dín kù ní ìdá 60 nínú 100. Tranexamic acid jẹ́ gíráàmù 1, ìṣẹ́jú 10 ni kó fi wọlé, láàárín wákàtí 3 lẹ́yìn ìbímọ. Mo máa ń bèèrè pé, "Bí ó bá ṣẹlẹ̀ báyìí, ta ló máa lọ mú un, níbo ló sì wà?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé wọ́n á kọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ kó lọ rà á ní kẹ́míìsì, oògùn náà kò sí. Ọkọ náà lè má ní owó, kẹ́míìsì sì ti lè tì. Ibi tí nǹkan ti dára jù tí mo rí, àpótí pàjáwìrì kan wà tí oògùn ìtọ́jú obìnrin kan pé sínú rẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ lò ó, owó á tẹ̀ lé e, wọ́n á sì dí i padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n yọ sí wà nínú àpótí náà fúnra rẹ̀.

Fákúùmù àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kó inú ilé-ọmọ ni iṣẹ́ méjì tí a kì í sábà bá pé wọ́n ṣe láàárín oṣù 3. Ẹ má kàn kọ "kò ṣe é" kí ẹ sì kọjá. Ẹ kọ ìdí rẹ̀: ṣé aláìsàn tó nílò rẹ̀ ni kò wá, ṣé irinṣẹ́ ni kò sí, ṣé kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, àbí wọ́n ní àwọn kò láṣẹ láti ṣe é? Àtúnṣe mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìdí mẹ́rin yìí gbà. Ẹni tí kò kọ́ ọ, bí ẹ bá kó fákúùmù mẹ́wàá fún un, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni gbogbo rẹ̀ ń lọ.

Ní ilé ìwòsàn ńlá, tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, lè mọ́ tónítóní kí ó má sì ṣiṣẹ́. Ẹ bèèrè orúkọ àwọn tó máa wá bí obìnrin bá nílò iṣẹ́ abẹ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú: dókítà, ẹni tó ń kunni lóorun, nọ́ọ̀sì tíátà. Ibo ni olúkúlùkù ń gbé? Ẹni tó ń kunni lóorun ló máa ń ṣọ̀wọ́n jù, mo sì ti rí i pé ibi tí ó bá jẹ́ ẹyọ ẹnì kan, ìsinmi rẹ̀ ni ìsinmi gbogbo tíátà. Ẹ ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ lójú yín, kí ẹ wo iye dísù tó wà nínú rẹ̀. Ẹ gba rẹ́jísítà tíátà, kí ẹ fi aago tí dókítà kọ pé "iṣẹ́ abẹ" wé aago tí ọ̀bẹ kan ara. Ẹ óò rí wákàtí 4, wákàtí 5. Kí ẹ wá bèèrè ohun tí wọ́n ń dúró dè. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹ̀jẹ̀ ni. Fíríìjì ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n 2 sí 6, ohun ìdánwò HIV, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ (hepatitis) B àti C, pẹ̀lú ti rẹ́kórẹ́kó (syphilis), gbọ́dọ̀ wà, kí wọ́n sì má ti kọjá ọjọ́. Ibi tí kò bá sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, ẹ béèrè ìwé orúkọ àwọn olùfúnni tó wà nínú ìlú, kí ẹ pe méjì nínú nọ́ḿbà náà lórí ìdúró.

Bákan náà ni ti gbígbé aláìsàn lọ síwájú. Nọ́ḿbà awakọ̀ tó wà lára ògiri, ẹ pè é. Ẹnu á yà yín pé púpọ̀ nínú wọn ni kì í wọlé mọ́. Kí sẹ́ńtà tó gbé obìnrin kúrò, wọ́n gbọ́dọ̀ ti pe ilé ìwòsàn tó ń lọ, kí wọ́n gbọ́ pé dókítà wà; kí omi wà lára rẹ̀, ìwọ̀n àkọ́kọ́ oògùn ti wọlé, kí wọ́n kọ aago rẹ̀ sínú ìwé tí wọ́n fi rán an. Àìkọ aago yìí léwu: ẹni tó gbà á kò ní mọ̀ bóyá kí òun tún gún un tàbí kí òun dúró. Kí obìnrin náà fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, kí agbẹ̀bí bá a lọ. Ọmọ tí kò pé oṣù, àyà ìyá rẹ̀ ni kó wà, awọ kan awọ, pẹ̀lú fìlà lórí. Ọyẹ́ lójú ọ̀nà Yàgbà lè pa á kí ó tó débẹ̀.

Kí a tó kúrò, a máa ń jókòó pẹ̀lú gbogbo òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́, títí kan ẹni tó ń gbálẹ̀ àti ọlọ́dẹ, torí àwọn ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn lóru. A ó pín ohun tí a rí sọ́nà mẹ́ta: èyí tí wọ́n lè ṣe lónìí láì náwó, bíi gbígbé báàgì sórí tábìlì, gbígbé oxytocin sínú fíríìjì, fífi kọ́kọ́rọ́ àpótí sí ibi tí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ lè rí i, èyí tí ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù àti àwọn ọmọ ìlú tó wà nílé lóko lè dáwó sí, àti èyí tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni kan àti ọjọ́ kan. Wọ́n máa ń ṣe ti àkọ́kọ́ lójú wa, kí a tó wọ mọ́tò. Ẹ̀dà kan ìwé náà a dúró lára ògiri yàrá ìrọbí, ọ̀kan a lọ sọ́dọ̀ alága ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù, ọ̀kan sọ́dọ̀ ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀, a ó sì fi ọ̀kan sínú fáìlì wa fún ìgbà tí a máa padà wá lẹ́yìn oṣù 3.